Lọ́jíìkì SS2: kí la lè fà yọ nínú gbólóhùn "bí… bá"? Ẹ gbà wá o

IyaIbeji_Ikd
Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2, wọ́n sì ti dé orí lọ́jíìkì nínú ìṣirò. Ìbéèrè kan nínú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ nìyí: "Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ á tutù. Ilẹ̀ tutù. Kí ni a lè fà yọ?" Ọmọ kọ ọ́ pé òjò rọ̀. Tíṣà fi bírò pupa pa á, ó kọ "kò sí ohun tí a lè fà yọ" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní tíṣà ò mọ ohun tó ń ṣe, èmi ní ká kọ́kọ́ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Bí kì í bá ṣe òjò, ta ló wá da omi sílẹ̀? Ìdánwò wọn ò ní pẹ́ dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi bí ẹni ń là á yé ọmọdé, torí èmi náà ni màá padà jókòó ti ọmọ.

TisaIsiro
Ẹ ǹlẹ́ o, màmá. Tíṣà yẹn jàre. Ẹni tó ń fọ mọ́tò níwájú ilé lè da omi sílẹ̀, páìpù lè bẹ́, omi táńkì lè kún ṣàn. Gbólóhùn tí wọ́n fún ọmọ sọ ohun tí òjò máa ṣe sí ilẹ̀, kò sọ pé òjò nìkan ló lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká pe ohun tó tẹ̀lé "bí" ní apá iwájú, ká pe ìyókù ní apá ẹ̀yìn. Nínú ìwé wọn, p ni apá iwájú, q ni apá ẹ̀yìn, ọfà ló wà láàárín wọn. Ibi mẹ́rin péré ni ìbéèrè lè gbà yọ sí wọn.

Bí wọ́n bá ní apá iwájú ṣẹ, òjò rọ̀: ilẹ̀ tutù, dandan ni. Bí wọ́n bá ní apá ẹ̀yìn kò ṣẹ, ilẹ̀ gbẹ táútáú: òjò kò rọ̀, torí ká ní ó rọ̀ ni, ilẹ̀ ì bá ti tutù. Ibi méjì tó kù, ọ̀nà ò sí níbẹ̀. Apá ẹ̀yìn ṣẹ, ilẹ̀ tutù: a ò mọ̀ bóyá òjò ni. Apá iwájú kò ṣẹ, òjò ò rọ̀: a ò mọ̀ bóyá ilẹ̀ gbẹ, torí páìpù yẹn ṣì lè bẹ́.

Ti ilẹ̀ gbígbẹ yẹn làwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń fò kọjá, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n fẹ́ràn láti fi dán wọn wò. Ẹ sì sọ fún ọmọ pé "a ò lè sọ" kì í ṣe ìdáhùn ọ̀lẹ. Máàkì kíkún ló ní.

BabaOniwe
Ẹ̀yin tíṣà, ẹ ń fi nǹkan kékeré yọ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí mo bá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù keje, tí ilẹ̀ tutù láti Kẹ́tù dé Òjóta, ṣé kí n máa wá páìpù tó bẹ́ kiri ni? Òjò ni jàre!

TisaIsiro
Bàbá, ẹ ò jẹ̀bi. Òjò náà ni, bí ẹ bá ní ká ta tẹ́tẹ́ lé e, ibẹ̀ ni màá fi owó tèmi sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ ṣe: ẹ mú oṣù keje wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ mú Kẹ́tù dé Òjóta wọ̀ ọ́. Kò sí ìyẹn nínú ìbéèrè. Ohun tó ṣeé ṣe jù yàtọ̀ sí ohun tó di dandan, ohun tó di dandan láti inú ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni wọ́n sì ń bèèrè. Ní ti àjẹ́, ẹ bá wa ka iye alẹ́ tó ké tí ọmọ kankan ò kú.

NoosiOru
Ọ̀rọ̀ àjẹ́ yẹn ni mò ń bá pàdé ní wọ́ọ̀dù, aṣọ míì ló kàn wọ̀. Bí ibà, ìyẹn malaria, bá mú ọmọ, ara rẹ̀ á gbóná. Gbogbo ìyá ló mọ ìyẹn. Ara ọmọ wá gbóná. Ó tán, ibà ni, wọ́n ti wà ní kẹ́míìsì. Apá ẹ̀yìn ló ṣẹ, wọ́n sáré padà sí apá iwájú. Bẹ́ẹ̀ táífọ́ọ̀dù ń mú ara gbóná, òtútù àyà ń mú un gbóná, ibà Lassa náà ń mú un gbóná. Ọmọ tí òtútù àyà ń ṣe, tí wọ́n ń fi oògùn ibà tọ́jú, àkókò tó yẹ kó fi gba ìtọ́jú gidi ló ń lọ yẹn. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ ní 2010 pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n bá fura sí wò ná, kí wọ́n tó fún un lóògùn ibà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka ni, èsì rẹ̀ kì í gbà tó wákàtí kan.

Ibi tí ọ̀nà kejì tí Tíṣà sọ ti wúlò fún wa jù ni ọ̀rọ̀ genotype. Ọmọ ń gba lẹ́tà kan lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá. Nítorí náà, bí bàbá bá jẹ́ AA, ọmọ rẹ̀ kò lè jẹ́ SS. Wọ́n wá gbé ọmọ dé, èsì rẹ̀ jẹ́ SS, ìwé tó wà lọ́wọ́ bàbá sì sọ pé AA lòun. Apá ẹ̀yìn kò ṣẹ. Ohun tó di dandan nìyí: ọ̀kan nínú ohun tí a gbà sí òótọ́ kì í ṣe òótọ́. Lọ́jíìkì kò sọ èwo. Ó lè jẹ́ ìwé bàbá, tí wọ́n ti ṣe láti ìgbà ìgbéyàwó. Ó lè jẹ́ èsì ọmọ, pàápàá bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí i lára. Àrùn ẹ̀jẹ̀ míì wà tó máa ń jọ SS lójú àyẹ̀wò. Ó sì lè jẹ́ ohun tí gbogbo yín ti ń rò lọ́kàn. Àwọn kan kì í dúró gbọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Àyẹ̀wò tuntun fún gbogbo wọn, níbòmíràn, ni ìgbésẹ̀ tó kàn. Ìjà kọ́.

OmoAlhaja
Ní àdúgbò tiwa, ìyàwó á ti di ẹrù kí nọ́ọ̀sì tó parí gbólóhùn. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì.

IyaIbeji_Ikd
Ó ti ń yé mi. Mo ka ti genotype yẹn sí etí bàbá wọn, ó dákẹ́. Ẹ gbọ́, nọ́ńbà kẹrin rèé: "Bí nọ́ńbà kan bá ṣeé fi 6 pín láìṣẹ́kù, ó ṣeé fi 3 pín. Kọ converse, inverse àti contrapositive rẹ̀, kí o sì sọ èyí tó jẹ́ òótọ́." Orúkọ mẹ́ta wọ̀nyí ń da ọmọ láàmú.

Akekoo_100L
Ẹ jẹ́ kí n gba ìyẹn, mà. Converse: ẹ gbé ẹ̀yìn síwájú, ẹ gbé iwájú sẹ́yìn. "Bí nọ́ńbà bá ṣeé fi 3 pín, ó ṣeé fi 6 pín." Irọ́ ni, ẹ wo 9. Inverse: ẹ fi ohun gbogbo sí àyè rẹ̀, ẹ kàn fi "kò" sí méjèèjì. "Bí kò bá ṣeé fi 6 pín, kò ṣeé fi 3 pín." Irọ́, 9 náà ló tún pa á. Contrapositive: ẹ pààrọ̀ àyè wọn, ẹ sì tún fi "kò" sí méjèèjì. "Bí kò bá ṣeé fi 3 pín, kò ṣeé fi 6 pín." Òótọ́ ni.

Nígbàkígbà tí gbólóhùn àkọ́kọ́ bá jẹ́ òótọ́, contrapositive rẹ̀ náà á jẹ́ òótọ́. Ilẹ̀ gbígbẹ tí Tíṣà sọ lókè, òun náà nìyẹn. Converse àti inverse, ìbejì ni wọ́n: bí ọ̀kan bá ṣubú, èkejì ti ṣubú. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ló ń pa wọ́n, ẹ má kọ ìwé ìtàn. Kí ọmọ kọ 9, kó fàlà sí i nídìí, kó kọjá.

Bí ó bá fẹ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù: ọdún tí oṣù kejì rẹ̀ ní ọjọ́ 29, gbogbo wọn ló ṣeé fi 4 pín. Ṣé gbogbo ọdún tó ṣeé fi 4 pín ló ní ọjọ́ 29 yẹn? 1900 ṣeé fi 4 pín, oṣù kejì rẹ̀ sì parí sí 28. Ọdún tó bá parí ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ ṣeé fi 400 pín kó tó ní 29, ìyẹn ni 2000 fi ní in tí 2100 kò ní ní in.

BabaOniwe
Tó bá rí báyìí, àwọn àgbà ti mọ contrapositive yín kí ilé ìwé tó dé. "Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú." Ẹ bá obìnrin kan pàdé, ó ní Kúmólú lorúkọ òun. Apá ẹ̀yìn ti wó. Nítorí náà, ó nídìí. Ṣé mo gbà á?

TisaIsiro
Ẹ gbà á pátápátá, sà. Ó wá ku ọ̀kan fún yín: "Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná." Mo rí ẹ̀jẹ̀ léèékánná ọkùnrin kan. Ṣé iná ṣì wà láṣọ rẹ̀?

BabaOniwe
Ó lè jẹ́ alápatà.

TisaIsiro
😂 Ẹ bọ́ síwájú kíláàsì.

Lọ́yà_Ibadan
Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu sí i láti ọ̀dọ̀ tiwa. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú kì í ṣe "bí", "àyàfi" àti "gbọ́dọ̀" ni. Òfin sọ pé ẹni tó bá máa díje fún ipò Ààrẹ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 35. 40 ni tẹ́lẹ̀, 2018 ni wọ́n dín in kù. Ẹ kọ ọ́ bí gbólóhùn kání, ìyẹn "bí… bá", ẹ ó rí i pé apá ẹ̀yìn ni ọjọ́ orí wà: bí ẹnì kan bá yẹ láti díje, ó ti pé 35. Ọ̀dọ́kùnrin tó pé 36 wá ń yan kiri pé òun yẹ. Rárá o. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí, kí ẹgbẹ́ òṣèlú kan fà á kalẹ̀, kó sì ní ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ girama tàbí irú rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ pé. Bó bá jẹ́ ọjọ́ orí nìkan la mọ̀, ẹni tó kéré sí 35 nìkan la lè lé dànù láìbéèrè ohun míì.

Bákan náà ni ti kírédíìtì márùn-ún àti yunifásítì. "Wọn ò ní gbà ọ́ àyàfi tí o bá ní kírédíìtì márùn-ún." Ẹni tó wọlé ti ní in. Ẹni tó ní in, ẹ má tíì pa màlúù.

Ẹ má sì jẹ́ kí lọ́jíìkì gbé yín fò ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 1979, òfin ìdìbò sọ pé bí olùdíje bá ní ìbò tó pọ̀ jù, tó sì ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀, ó wọlé. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́ 12⅔. Shagari ní ìdá mẹ́rin yẹn ní ìpínlẹ̀ 12, kò ní in ní ìkẹtàlá, ìyẹn Kánò. Awólọ́wọ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹ kíyè sí i: kò sẹ́ni tó bá ọfà àárín jà. Shagari àti Awólọ́wọ̀ jọ gbà pé bí apá iwájú bá ṣẹ, apá ẹ̀yìn ṣẹ. Bóyá apá iwájú ṣẹ ni ìjà: ṣé ìpínlẹ̀ ṣeé dá sí mẹ́ta ni, àbí 13 gbáko ni wọ́n ní kó ní? Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá Shagari láre ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 1979, Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ sì kọ̀ ó lóun ò bá wọn fọwọ́ sí i. Títí di òní, ẹ dá a sílẹ̀ níwájú àwọn àgbà lọ́yà, ẹ ó rí ariwo. Lọ́jíìkì á mú yín dé ẹnu ọ̀nà, ìtumọ̀ òfin ló ń ṣílẹ̀kùn.

Solo_Filo
Gírámà lọ́yà dùn. Kí n kàn fi èyí kún un: ọ̀nà méjì tí Tíṣà ní ó ṣí yẹn, àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí Gíríìkì tí wọ́n ń pè ní Stoic ti tò wọ́n kalẹ̀ láti ayé Chrysippus, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Jésù. "Bí ti kìíní, a jẹ́ pé ti kejì, ti kìíní rèé, nítorí náà ti kejì." Wọn ò lo p àti q, nọ́ńbà ni wọ́n lò. Wọ́n tún ń sọ ìtàn ajá ọdẹ kan tó dé oríta mẹ́ta: ó gbóòórùn ọ̀nà kìíní, ẹran ò gbabẹ̀, ó gbóòórùn ìkejì, ẹran ò gbabẹ̀, ló bá ki eré mọ́lẹ̀ sí ìkẹta láìgbóòórùn rẹ̀ rárá. Kì í ṣe "bí… bá", "tàbí" ni, mo mọ̀. Ajá náà ló wù mí.

OmoAlhaja
Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi wo ọ̀kan. Nínú tébù òótọ́-àti-irọ́ wọn, wọ́n ní bí p bá jẹ́ irọ́, gbólóhùn odidi jẹ́ òótọ́, ì báà jẹ́ pé q jẹ́ irọ́. Báwo ni irọ́ àti irọ́ ṣe di òótọ́?

TisaIsiro
Ìbéèrè tí gbogbo kíláàsì máa ń bèèrè nìyẹn. Bàbá kan sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Bí o bá gba A nínú ìṣirò, màá ra fóònù fún ọ." Ìgbà wo lẹ lè pe bàbá yìí ní òpùrọ́? Ọmọ gba A, fóònù dé: olóòótọ́ ni. Ọmọ gba A, fóònù ò dé: òpùrọ́. Ọmọ gba C, fóònù ò dé: kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọmọ gba C, bàbá ṣàánú ra fóònù: ṣé òpùrọ́ ni? Kò sọ ohun tí òun máa ṣe bí ọmọ ò bá gba A. Ìlà kan ṣoṣo ló ti parọ́, òun nìkan ló ní F, ìyẹn irọ́, nínú tébù. Gbogbo ìyókù T.

Koodu_Boy
Èmi tí mò ń kọ kóòdù máa fi àdánwò kan sílẹ̀, ẹ fi dán ara yín wò nílé. Ní 1966, Peter Wason, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Lọ́ńdọ̀nù, to káàdì mẹ́rin sórí tábìlì: E, K, 4, 7. Lẹ́tà wà lójú kan káàdì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà wà lójú kejì. Òfin: bí fáwẹ́lì bá wà lójú kan, nọ́ńbà tó ṣeé fi 2 pín á wà lójú kejì. Àwọn káàdì wo lẹ gbọ́dọ̀ yí padà láti mọ̀ bóyá òfin yẹn jẹ́ òótọ́? Ẹ ronú ná kí ẹ tó ka ìsàlẹ̀.

E àti 4 ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú. E àti 7 ni. Bí ẹ bá yí 4, tí ẹ bá K lẹ́yìn rẹ̀, kò ba nǹkan jẹ́. Òfin ò sọ̀rọ̀ nípa ohun tó yẹ kó wà lẹ́yìn nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí 7, tí A jáde, òfin ti fọ́.

Ní 1982, àwọn olùwádìí méjì ní Florida, Griggs àti Cox, yí i sí ọ̀rọ̀ ilé ọtí: bí èèyàn bá ń mu bíà, ó gbọ́dọ̀ ti ju ọmọ ọdún 19 lọ. Ta lẹ máa yẹ̀ wò nínú ẹni tó ń mu bíà, ẹni tó ń mu Coke, ẹni ọdún 22, ẹni ọdún 16? Ọ̀pọ̀ jù lọ gbà á lẹ́ẹ̀kan náà: oníbíà àti ọmọ ọdún 16. Ọfà kan náà ni, lẹ́tà àti nọ́ńbà ló di èèyàn. Nítorí náà, màmá, bí ìbéèrè bá ní p àti q tó ṣú mọ́ ọmọ lójú, kó sọ ọ́ di òfin tí èèyàn lè rú. Bí èèyàn bá wà nínú ọkọ̀ BRT l'Ékòó, ó ti tẹ káàdì Cowry tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀. Lẹ́yìn náà kó bi ara rẹ̀: ta ni màá mú? Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ láìtẹ káàdì. Ẹni tó tẹ káàdì tó wá sọ̀ kalẹ̀ nítorí pé ó gbàgbé ìwé rẹ̀ sílé, kí ló kan kọ̀ndọ́kítọ̀?

TisaIsiro
Ó dára gan-an. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè jáde nínú ìdánwò: ẹ̀wọ̀n. Bí p bá fa q, tí q fa r, p fa r. "Bí iná bá lọ, fíríìjì á kú. Bí fíríìjì bá kú, yìnyín á yọ́." Iná lọ, yìnyín á yọ́. Yìnyín ò yọ́, iná ò lọ. Kí ọmọ ṣọ́ra fún "lè" nínú ẹ̀wọ̀n. "Bí yìnyín bá yọ́, ẹran lè bàjẹ́": ibẹ̀ ni dandan ti já. Kò lè kọ ọ́ pé ẹran bàjẹ́.

Mẹ́ta fún ọmọ, kó dáhùn láìwo ìwé:
1. Bí jẹnẹrétọ̀ kò bá ní epo, kò ní ṣiṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ò ṣiṣẹ́.
2. Bí jẹnẹrétọ̀ kò bá ní epo, kò ní ṣiṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́.
3. Ẹnikẹ́ni ò lè wọ gbọ̀ngàn ìdánwò àyàfi tó bá mú slip rẹ̀ dání. Bọ́lá mú slip rẹ̀ dání.

IyaIbeji_Ikd
Ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ báyìí o. Ẹ káalẹ́, sà. 1: a ò lè sọ, ó lè jẹ́ pọ́lọ́ọ̀gì ló bàjẹ́. 2: epo wà níbẹ̀. 3: Bọ́lá wọ gbọ̀ngàn.

TisaIsiro
Kú iṣẹ́, ọmọ mi. 1 àti 2 tọ́. Tún 3 wò. Kọ ọ́ bí gbólóhùn kání kí o tó dáhùn.

IyaIbeji_Ikd
Bí ẹnì kan bá wọ gbọ̀ngàn, ó mú slip dání. Slip wà lẹ́yìn, sà. Bọ́lá lè ti pẹ́ dé, kí wọ́n ti tilẹ̀kùn. A ò lè sọ.